Ọmọ Keje Bàbá Káfíńtà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ Àjíǹde tó kọjá, mo sì fẹ́ rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, láì fi ẹ̀bi ara mi pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo jẹ̀bi! Ẹ ṣá máa bá mi bọ̀.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí, ṣùgbọ́n tí a bá ní ká wú u dé gbòǹgbò, àlejò ni wá. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ló kó wa débẹ̀. Káfíńtà ni. Apá Ìjẹ̀bú ló ti wá, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la títì wọ ilẹ̀ Èkìtì. Wọ́n ní kó wá ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé sí ilé tí àwọn òyìnbó máa ń sùn sí tí wọ́n bá wá bẹ ìlú wò. Ó parí iṣẹ́, kò padà lọ. Ìjọ ní kó bá àwọn kan òrùlé, ó kàn án. Àwọn ará ìlú fún un ní ilẹ̀ níbi tí èèyàn ti lè rí àpáta Olósùnta kedere, ó kọ́lé síbẹ̀, ó fẹ́ ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe! Títí dòní, Ilé Káfíńtà ni wọ́n ń pè wá. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń di òòlù mú mọ́ láàárín wa, ṣùgbọ́n orúkọ náà ò kúrò lára wa.

Tí mo bá rántí ilé yẹn, inú mi máa ń dùn, ó sì tún máa ń ṣe mí bí ẹni pé kí n sunkún. Gbogbo ọlidé ni wọ́n máa ń kó àwa ọmọdé lọ síbẹ̀. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sì gùn débi pé a máa ń sáré ìje nínú rẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, omi á máa ṣàn wálẹ̀ lára àpáta, gbogbo àpáta á máa dán, àwa á sì kó ara wa jọ sójú fèrèsé tí Bàbá Káfíńtà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, a ó máa wò ó. Fèrèsé yẹn ṣì ń ṣí, ó ṣì ń tì, igi rẹ̀ ò tẹ̀, kò sì wó. Ta ni ń ṣe irú rẹ̀ mọ́?

Ní àárọ̀, Màmá á ti sun iṣu, á ha á, á bu epo sínú àwo kan ṣoṣo, ọmọ mẹ́jọ á rọ̀gbà yí i ká. Mo ti jẹ oríṣiríṣi nǹkan láti ìgbà náà, n ò tíì jẹ èyí tó dùn tó o.

Màmá tí mò ń wí yìí ni ìyá bàbá mi. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ Ìsẹ̀ ni, wọ́n fẹ́ ẹ wá sílé wa ni, òun nìkan ló sì kù nínú gbogbo àwọn tó fojú kan Bàbá Káfíńtà. Etí rẹ̀ ti wúwo díẹ̀, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Ẹ máa rí i láìpẹ́.

Nígbà tí Kérésì ku díẹ̀, àwọn ẹbí pinnu lórí WhatsApp pé kí gbogbo ọmọ Káfíńtà pàdé nílé ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, kí a sì tẹ ìwé kékeré kan tí ìtàn ìdílé wa àti orúkọ gbogbo ọmọ yóò wà nínú rẹ̀. Ta ni yóò kọ ọ́? Wọ́n ní tíṣà ni! Èmi ni tíṣà ọ̀hún, Adó ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì. Bí wọ́n ṣe dárúkọ mi lorí mi wú. Mo ra ìwé tuntun, mo ra bírò pupa àti dúdú, mo tún fi áàpù kan tó ń ya ẹ̀ka ìdílé sórí fóònù mi. Fáàrí pọ̀!

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá bá nílé ọkọ. Ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, tí wọ́n bá ti bí i kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni. Ìyàwó gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn tí yóò máa pè é. Nítorí náà, nígbà tí mo ní kí Màmá ka àwọn ọmọ Bàbá Káfíńtà fún mi, ohun tí mo rí gbà sílẹ̀ nìyí: Bàbá yín (ọkọ rẹ̀ nìyẹn), Akọ̀wé, Agùntáṣọólò, Ìbàdíàrán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Eyínfúnjowó, Adúmáadán.

Ẹ gbà mí! Báwo ni mo ṣe fẹ́ tẹ Agùntáṣọólò sínú ìwé?

Mo bá gba ìjọ lọ. Ẹni tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀ gbé ìwé ìrìbọmi àtijọ́ jáde fún mi, ó ti pọ́n, kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀. Mo rí àwọn ọmọ Bàbá Káfíńtà níbẹ̀, Jósẹ́fù, Sámúẹ́lì tó jẹ́ ọkọ Màmá, Dọ́kà, àti àwọn yòókù. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́fà ni wọ́n. Màmá sì ka méje fún mi.

Kí ni mo ṣe? Ṣé mo padà lọ bá Màmá? Rárá o! Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í so orúkọ mọ́ orúkọ. Akọ̀wé ni Jósẹ́fù, torí òun ló kọ́kọ́ kàwé. Agùntáṣọólò ni Èlíjà, torí ó ga. Nígbà tí mo dé orí Dọ́kà, mo gbójú sókè wo fọ́tò rẹ̀ tó wà ní pálọ̀. Ó dú, ara rẹ̀ ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun báláú. Mo ní àṣírí tú! Eyínfúnjowó àti Adúmáadán, ẹnì kan náà ni! Màmá ti dàgbà, ó ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ mẹ́fà sílẹ̀, mo fi bírò pupa fa ìlà sí i nísàlẹ̀.

Ní Sátidé tí Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ kan, mo wà nílé ní Ìkẹ́rẹ́, mò ń ka ìwé náà wò fún ìgbà ìkẹyìn. Mọ́ńdè ni mo fẹ́ gbé e fún àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kan bá kan ilẹ̀kùn. Ó jù mí lọ dáadáa, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó sì jókòó sétí àga bí ẹni tí kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó ní Kọ́lá lorúkọ òun, pé Èmùré lòun ti wá, kánsù ibẹ̀ lòun ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó ní òun gbọ́ pé à ń kọ ìwé ìdílé.

Ó ní ìyá òun ló rán òun wá. Rèbékà lorúkọ ìyá rẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bọ̀dá Kọ́lá ní ọmọ Bàbá Káfíńtà ni ìyá òun, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ó wà ní kékeré nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un padà lọ sí Èmùré. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí ìyá òun ń fẹ́ ni kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé bàbá rẹ̀ kó tó kú. Kò fẹ́ nǹkan mìíràn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn? Ilẹ̀! Mo ní háà, wọ́n ti gbọ́ nípa oko kòkó tó wà lójú ọ̀nà Ìsẹ̀. Mo ṣí fóònù, mo ṣí ìwé, mo fi ohùn tíṣà sọ fún un pé ọmọ mẹ́fà ni bàbá wa bí, mo rí i nínú ìwé ìjọ, kò sì sí Rèbékà kankan níbẹ̀. Ó rọra ní bóyá kí n bi àwọn àgbà léèrè. Mo ní mo ti bi wọ́n. Ṣé irọ́ ni mo pa? Mo ti bi wọ́n lóòótọ́. Èsì tí wọ́n fún mi ni mi ò gbà.

Bọ̀dá Kọ́lá ò bá mi jà. Ó fi fìlà nu ojú, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti àdúgbò wọn sórí bébà, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní òun ò mọ ẹnu tí òun máa fi sọ ọ́ fún ìyá òun. Ó ní ó dàbọ̀, ó jáde.

Mo wá rìn lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí Màmá ti ń bó ẹ̀gúsí. Ẹ̀rín ni mo fi bẹ̀rẹ̀! Mo ní Màmá, ẹ wá gbọ́ o, ọkùnrin kan wá láti Èmùré, ó ní ọmọ ilé yìí ni ìyá òun. Mo rò pé á bá mi rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí.

"Ará Èmùré ni ọ́ wí?"

"Ibẹ̀ ló ní òun ti wá, Màmá."

"Ó dú?"

Mo ní ó dú dáadáa. Màmá gbé igbá sílẹ̀. "Adúmáadán," ó ní. Kò pariwo, ṣe ló dà bí ẹni tó ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó wá gbójú sókè wò mí, ojú yẹn, n ò ní gbàgbé rẹ̀. "Méje ni mo kà fún ọ, Àbẹ̀kẹ́. Méje! Mo bá a nulé yìí kí n tó mọ unú yàrá tí mo máa sùn sí. Ùwé rẹ ni kò mọ̀ ọ́n."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo bi í bóyá ó gbọ́ orúkọ Rèbékà rí. Ó ní láéláé, wọn ò tíì ṣe ìrìbọmi fún ọmọ náà nígbà tó kúrò nílé. Ó ní láti jẹ́ pé Èmùré ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Rèbékà.

Ó wá sọ ohun tí n ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Nígbà tí Bàbá Káfíńtà ń dàgbà lọ, ó fẹ́ ìyàwó kejì, ọmọ Èmùré. Ìjọ ní kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ Olúwa mọ́. Ẹ wò ó, ẹni tó kan òrùlé lé wọn lórí! Ó fara dà á fún ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara ò le mọ́, tó ń ronú ẹni tí yóò sin òun, wọ́n tún sọ fún un pé ìyàwó kan ṣoṣo ni. Ó dá ti Èmùré padà sílé bàbá rẹ̀, tòun tọmọ. Ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ wọn mọ́ nínú ilé.

Kò tíì tó ọdún kan tí Màmá wọlé nígbà náà. Ọmọdébìnrin yẹn, bí ọmọ ọdún méje, òun ló ń bá Màmá sùn lórí ẹní kan náà. Òun ló mú un mọ ọ̀nà odò. Màmá ní òun ò gbọ́ èdè Ìkẹ́rẹ́ dáadáa, ti Ìsẹ̀ ló wà lẹ́nu òun, àwọn àgbà ilé a máa fi òun rẹ́rìn-ín, ọmọ yìí ló máa ń fà á sétí òun pé báyìí ni kó wí i, báyìí ni kó wí i. Ọkọ mi kékeré, bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè é. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rán Màmá lọ sí odò. Nígbà tó fi dé, ẹní náà wà níbẹ̀, ọmọ ti lọ. Ó ní òun sunkún títí ìyá ọkọ òun fi ní kí òun fi òpin sí i, kí Bàbá má baà gbọ́.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi nígbà tí mò ń kọ ìwé. Ó ní ṣé mo bi òun ni? Ó ní àṣẹ Bàbá ò jẹ́ kí òun ròyìn, ṣùgbọ́n pé kò sẹ́ni tó ní kí òun má kà á mọ́ àwọn ọmọ ilé. Òun kà á. Èmi ni mo yọ ọ́.

Ojú tì mí. Mo pe nọ́ńbà Bọ̀dá Kọ́lá lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò gbé e. Ta ni yóò gbé e? Màmá ní kí n má wulẹ̀ pè é mọ́, kí n gbé òun lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí a jáde ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé Màmá sínú mọ́tò mi. Ó wọ ìró àti bùbá tí kì í wọ̀ bí kò ṣe ọjọ́ ìkórè. Nígbà tí a ń kọjá ní Ìsẹ̀, kò tilẹ̀ ní kí n dúró ní àdúgbò wọn kó kí wọn, Màmá tó jẹ́ pé tí a bá ti dé Ìsẹ̀ ìjọba dé! Ọwọ́ rẹ̀ kàn wà lórí ọ̀pá rẹ̀, ó ń wo iwájú. Ní Èmùré, ọlọ́kadà kan ló ṣíwájú wa dé ẹnu ọ̀nà ilé náà.

Bọ̀dá Kọ́lá jáde sí wa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá nítorí àgbà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. Ó ní ìyá òun ò tíì fẹnu kan oúnjẹ láti àná. Ó ní nígbà tí ìyá òun ṣègbéyàwó, ó ránṣẹ́ sí Ìkẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó wá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló fà á fún ọkọ. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wá sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé kì í ṣe ọmọ bàbá rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Màmá ò dúró tì wá. Ó ti ń wọlé lọ.

Ìyá àgbà kan jókòó ní pálọ̀, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ yí i ká. Ó dú, ó ń dán, irun rẹ̀ funfun. Kò kí wa. Gbogbo ilé ń wò wá pé kí la tún wá sọ.

Màmá na ọ̀pá rẹ̀ sí mi pé kí n gbà á. Ó gbá etí àga mú, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, orúnkún kan, lẹ́yìn náà èkejì, títí orúnkún méjèèjì fi kanlẹ̀. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ó lé! Ẹnì kan ké pé kí wọ́n gbé Màmá dìde, pé ó ju ìyá àwọn lọ, àwọn ò fẹ́ èèwọ̀. Màmá fi ọwọ́ dá wọn dúró.

"Adúmáadán, ọkọ mi," ó ní. "Ẹ kú ulé. Ìyàwó yín ni mo wá kí yín."

Màmá Rèbékà tẹ̀ síwájú, ó wo Màmá títí. Nígbà tó pẹ́, ó na ọwọ́, ó dì í mú léjìká.

"Ìyàwó mi tí kò gbọ́ Ìkẹ́rẹ́!" ó ní. "Dìde, ìyàwó mi. Dìde!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, n ò lè ṣàlàyé ẹkún tó sọ nínú ilé yẹn. Bọ̀dá Kọ́lá, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, fi ojú sára ògiri, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ta ni yóò tún bi wọ́n bóyá ọmọ ilé ni tàbí kì í ṣe ọmọ ilé? Ṣé ìyàwó máa ń kúnlẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ni? Nígbà tí àwọn ìyá méjì náà jẹun tán nínú àwo kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo wa ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá Rèbékà ní ìyàwó òun ti darúgbó, pé òun fẹ́ fẹ́ òmíràn!

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Mo mú ìwé jáde, mo ní kí wọ́n wò ó bí mo ti ń kọ ọ́: ọmọ keje, Rèbékà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Màmá Rèbékà bá gbé ọwọ́ lé orí bébà náà. Ó ní ti ìyá òun ńkọ́? Ó ní tí n kò bá kọ orúkọ ìyá òun, kí n nu ti òun náà kúrò, torí òun kò já bọ́ láti òkè ọ̀run. Mo wo Màmá. Màmá ò lè pe orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì yíjú sí ọkọ rẹ̀ pé kó pè é. Màmá Rèbékà pè é ketekete: Ọ̀ṣúnfúnkẹ́.

Mo kọ ọ́. Nígbà tí mo fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, àwọn kan bínú, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ ba orúkọ Bàbá jẹ́ níwájú ìjọ ni. Mo ní tí wọ́n bá yọ ọ́, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò kọ ìwé wọn. Wọn ò yọ ọ́. Ní ọjọ́ ìpàdé, Màmá Rèbékà wọ ilé bàbá rẹ̀, gbogbo ìyàwó ilé, àgbà àti ọmọdé, kúnlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé pálọ̀. Ẹnì kan ka ìwé náà sókè. Nígbà tó dé orí orúkọ ìyá rẹ̀, Màmá Rèbékà ní kó tún un kà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò gùn. Ìwé ìjọ ò parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá mú wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Àwọn ìyàwó ilé ló mọ gbogbo wa, torí àwọn ni wọ́n tọ́jú wa, tí wọ́n sì ń fún wa lórúkọ. Tí àgbà bá ka méje fún yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọgbọ́n tíṣà sọ ọ́ di mẹ́fà. Ẹ bi í pé ta ni ẹnì keje, kí ẹ sì bi í lónìí, torí Màmá mélòó ló kù fún wa?

Ó ku ẹ̀yin. Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ta ni wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí gbogbo wa kà á. Ẹ má kọ "ìyá kan báyìí" o. Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.